Owó Kékeré, Iṣẹ́ Ńlá: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Fẹ́ Di Nọ́ọ̀sì Kọ́kọ́ San

Lẹ́tà ìgbaniwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kì í dá wá sílé. Ìwé mìíràn máa ń tẹ̀ lé e, tí wọ́n to nǹkan sí láti òkè dé ìsàlẹ̀: owó ìgbàwọlé, owó ilé-ìwé, owó họ́sítẹ́ẹ̀lì, yúnífọ́ọ̀mù, bàtà, aago àyà, stethoscope, ẹ̀rọ ìfúnpá, ìwé rẹpẹtẹ, bébà A4, Izal, mọ́ọ̀pù, ìgbálẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì, mátírẹ́ẹ̀sì. Nígbà mìíràn, àdá pàápàá á wà níbẹ̀. Ayọ̀ tó bá gba ilé kan lálẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà dé kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè ka ìwé kejì yìí dáadáa. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni bàbá máa ń jókòó tì í pẹ̀lú báírò, tí ìyá á máa ka oṣù tí èésú máa kàn án, tí wọ́n á sì pe ẹ̀gbọ́n tó wà l'Ékòó lórí fóònù. Lọ́pọ̀ ilé, owó tó wà nílẹ̀ kì í tó ìdajì.

Ìbéèrè tó máa ń jẹyọ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni pé níbo la ti máa rí ìyókù. Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n òmíràn wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: èwo nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ọmọ yìí kò ní lè di nọ́ọ̀sì tí a kò bá san án? Ní Nàìjíríà, àjọ kan ló ni ìdáhùn. Òun ni Nursing and Midwifery Council of Nigeria, NMCN, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Kánsù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé Kánsù ni nọ́ọ̀sì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, bó ti wù kó mọ abẹ́rẹ́ gún tó, òfin kò mọ̀ ọ́n sí nọ́ọ̀sì. Nítorí náà, owó tí kò tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ síbi tó máa gbé orúkọ ọmọ dé inú ìwé yẹn. Ohun tó bá kù lè dúró, a lè yá a lò, a sì lè gbé e fún télọ̀ kó rán an.

Ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí fọ́ọ̀mù tó jáde. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè nínú WAEC tàbí NECO: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Ìjókòó kò sì gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Ní JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì náà ni ẹni tó fẹ́ ka nọ́ọ̀sì máa kọ. Ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Bí owó bá wà fún nǹkan kan ṣoṣo lọ́dún tí ọmọ wà ní SS3, kí wọ́n fi wá olùkọ́ tó mọ Kẹ́mísírì àti Físíìsì í kọ́.

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń gbé owó tó ju owó olùkọ́ lọ fún àwọn tó máa bá ọmọ wọn ṣe màgòmágó ìdánwò. Owó yẹn kò ní pẹ́ tó fi máa ṣòfò. Ó ti pẹ́ tí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti jẹ́ ìgbà ìdánniwò tí wọ́n ń pè ní PTS. Egungun, iṣan, ọkàn, kíndìnrín àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń kó lé ọmọ lórí láàárín àsìkò yẹn, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìparí rẹ̀, ẹrù rẹ̀ ló máa dì. Nínú gbogbo owó tí wọ́n ti san títí dé ọjọ́ náà, ṣàṣà ni èyí tó ń padà wá sílé. Ọmọ tí wọ́n bá wọlé dípò rẹ̀ ní SS3, ẹlòmíràn kò lè bá a jókòó sí PTS.

Fọ́ọ̀mù náà tún jẹ́ ibi tí owó ti ń jò díẹ̀díẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ta tirẹ̀, ó sì ń dá ọjọ́ ìdánwò àbáwọlé tirẹ̀. Òbí tó ń kánjú lè ra mẹ́fà tàbí méje káàkiri láti Ọ̀yọ́ dé Èkìtì, kó tún máa san owó ọkọ̀ lọ síbi ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Fọ́ọ̀mù méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n wádìí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ dájú sàn ju méje tí wọ́n rà nítorí pé aládùúgbò sọ pé wọ́n ń tà á. Ìwádìí yẹn kò gbówó lórí. Kánsù ní àkọsílẹ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó fọwọ́ sí, ẹnikẹ́ni tó ní fóònù àti dátà díẹ̀ lè kà á.

Ibi kan wà tí owó tí kò tó máa ń ti ọmọ sí, ibẹ̀ ló sì yẹ ká dúró lé jù. Kò sí ìlú tó tóbi díẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá tí a kò ti rí ilé-ìwòsàn aládàáni kan tó gbé pátákó síta pé òun ń kọ́ni ní "auxiliary nurse". Oṣù mẹ́fà ni, tàbí ọdún kan. Owó rẹ̀ kéré, wọ́n sì gbà kí èèyàn máa san án díẹ̀díẹ̀. Wọn kì í béèrè Físíìsì, ibòmíràn kì í béèrè èsì WAEC rárá. Ọmọ á wọ aṣọ funfun láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, á ya fọ́tò, ìyá á fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní àsàlátù. Nígbà tó bá parí, wọ́n á fún un ní ìwé-ẹ̀rí tó ní àmì àgbélébùú pupa lórí.

Kánsù kò mọ ìwé-ẹ̀rí yẹn. Kò lè gbé ẹnikẹ́ni dé ìdánwò ìjọba, kò lè dín ọdún kan kù nínú ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì gidi, ọsibítù ìjọba kò sì ní gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ nọ́ọ̀sì nítorí rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ṣe é kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn ni wọ́n ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń fọ ohun èlò, tí wọ́n ń gba òru mọ́jú, tí wọ́n sì ń gún abẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn. Ewu rẹ̀ sì wà lórí aláìsàn náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ẹ̀kọ́ auxiliary yẹn ṣe ohun tó máa ṣe é láǹfààní, kó fi forúkọ sílẹ̀ fún NECO tàbí WAEC ẹlẹ́ẹ̀kejì, kó sì fi ìyókù kọ́ Kẹ́mísírì tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní àkọ́kọ́. Oṣù mẹ́fà kan náà ni. Ibi tí méjèèjì ń gbéni dé ló yàtọ̀.

Ọ̀nà tó mọ́ tún wà fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì lè gùn dé ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera, irú èyí tó wà ní Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn àti èyí tó wà n'Íléṣà, ń kọ́ni ní iṣẹ́ CHEW, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí a máa ń bá pàdé ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ tiwọn tó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, kì í ṣe ojú ọ̀nà ẹ̀yìn sínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ní ìtumọ̀ níwájú òfin. Owó tí wọ́n bá ná sórí rẹ̀ kò sọnù.

Ká wá sọ pé ọmọ ti yege, ilé-ẹ̀kọ́ tí Kánsù fọwọ́ sí ló sì fẹ́ gbà á. Ìbéèrè kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ òbí kì í rántí bèèrè kí wọ́n tó sanwó. Kánsù kì í kàn fún ilé-ẹ̀kọ́ láṣẹ kó máa gba ọmọ bó bá ti wù ú. Ó máa ń wo iye olùkọ́, yàrá ìkọ́ṣẹ́, ilé ìkàwé, àti bí ọsibítù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ ṣe tóbi tó, lẹ́yìn náà ló máa sọ iye ọmọ tí wọ́n lè gbà lọ́dún. Iye yẹn ni kóòtà. Àwọn tó bá wà nínú kóòtà ni ilé-ẹ̀kọ́ máa fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí Kánsù fún ohun tí wọ́n ń pè ní indexing. Láìsí indexing, akẹ́kọ̀ọ́ lè lo gbogbo ọdún rẹ̀ pé, kó mọ ìwé bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, kò ní rí àyè jókòó sí ìdánwò ìjọba.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń gba ọmọ ju kóòtà wọn lọ. Owó ìgbàwọlé tó ń wọlé ló ń sún wọn ṣe é. Ní àwọn yunifásítì kan, wọ́n á kó ọmọ púpọ̀ sí ọdún kìíní, wọ́n á sì máa yọ wọ́n dànù nígbà tó bá di ọdún kejì, kí iye tó kù lè bá kóòtà mu. Àwọn tí wọ́n bá yọ á bá ara wọn ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí wọn kò pinnu láti kà, lẹ́yìn tí wọ́n ti san owó ẹ̀ka nọ́ọ̀sì fún ọdún kan gbáko. Ní ibòmíràn, ọdún kan tàbí méjì ni ọmọ á fi máa dúró de ìgbà tí àyè máa yọ fún un lára ọwọ́ tó tẹ̀ lé e. Owó oúnjẹ àti owó ilé kò sì ní dúró dè é.

Nítorí bẹ́ẹ̀, kí bàbá tàbí ìyá tó san kọ́bọ̀, kó lọ sí ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, kó sì bèèrè pé mélòó ni kóòtà yín lọ́dún yìí, mélòó lẹ ti gbà, ìgbà wo lẹ máa ń ṣe indexing? Kò sí àfojúdi nínú ìbéèrè yìí. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ náà yí i ká, kó lọ bá àwọn ọmọ tó wà ní ọdún kejì àti ìkẹta, kó bi wọ́n bóyá gbogbo ẹgbẹ́ wọn ló ti rí nọ́ńbà indexing gbà. Àwọn ọmọ kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa mọ́. Owó ọkọ̀ ìrìn àjò kan yẹn lè gba owó ọdún mẹ́ta sílẹ̀. Bí ìyá bá sì ń dá èésú, kó bẹ olórí èésú kí tirẹ̀ bọ́ sí oṣù tí owó indexing máa jáde, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ lè ní sùúrù díẹ̀ lórí owó họ́sítẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ tí Kánsù dá bá ti kọjá, ó ti kọjá nìyẹn.

Yunifásítì ni kó lọ, àbí kọ́lẹ́ẹ̀jì? Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká rántí pé láyé ìjọba amúnisìn, inú ọsibítù ni wọ́n ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ni wọ́n sì ka ọmọ ẹ̀kọ́ sí, wọ́n ń fún un ní owó díẹ̀ àti ibùgbé. Ọ̀pọ̀ obìnrin Yorùbá tó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Bìrìtìkó láàárín ọdún 1950 sí 1970 ló jẹ́ pé owó ìkọ́ṣẹ́ tí ọsibítù ibẹ̀ ń san fún wọn ni wọ́n fi gbéra. Ìyá àgbà Kofoworola Abeni Pratt ti ṣáájú wọn. Ọdún 1946 ló wọ ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale ní ọsibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ó padà wálé, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ̀nù ní UCH Ìbàdàn. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú bí Yunifásítì Ìbàdàn ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ọdún 1965. Ṣùgbọ́n ayé tí wọ́n ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sanwó báyìí.

Ọdún márùn-ún ni BNSc, dìgírì nọ́ọ̀sì, ní yunifásítì. Ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àtijọ́, ọdún mẹ́ta ni. Púpọ̀ nínú wọn ti di kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fúnni ní ND àti HND báyìí, nítorí náà kí ẹni tó ń ṣírò bèèrè iye ọdún gan-an, kó má lọ fi ìròyìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó parí lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ṣírò. Ẹni tó ní dìgírì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpele owó oṣù tó ga jù, ọ̀nà rẹ̀ sí iṣẹ́ olùkọ́ àti ìwádìí sì yá. Àmọ́ ọdún kọ̀ọ̀kan tó lò nílé ìwé jẹ́ ọdún tí kò gba owó oṣù. Fún ilé tí owó kò tó lóòótọ́, tí àbúrò mẹ́ta tún wà lẹ́yìn, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó súnmọ́lé, irú ti Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn, Ìgándò l'Ékòó tàbí Ìdí-Àbà l'Ábẹ́òkúta, ni ìpinnu tó bọ́gbọ́n mu. Kò ti ilẹ̀kùn dìgírì pa. National Open University ní BNSc tí ó yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀, èèyàn lè máa ṣiṣẹ́, kó máa gbowó oṣù, kó sì máa kà á lọ. Yunifásítì aládàáni tí wọ́n máa ta ilẹ̀ ìdílé nítorí rẹ̀ kò ní sọ ọmọ di nọ́ọ̀sì tó ju tàwọn wọ̀nyí lọ níwájú Kánsù.

Fún àwọn tó bá rí yunifásítì ìjọba wọ̀, ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ wà. Ní April 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun tó gbé NELFUND, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀yáwó náà, dìde. Kò ní èlé. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó ilé-ìwé fún tààrà, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní 20,000 náírà lóṣù fún ìgbọ́bùkátà. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìn àgùnbánirọ̀ ni wọ́n tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà. Ẹ̀rù gbèsè máa ń ba ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá, wọn kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó tí kò ní èlé yàtọ̀ pátápátá sí owó tí wọ́n ń yá lọ́wọ́ àwọn ayánilówó orí fóònù tí wọ́n á máa fi orúkọ èèyàn ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ó wá ku ohun èlò. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì náwó lé kì í sábà sí lórí lísìtì: abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B, àrùn mẹ́dọ̀wú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún un, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn oṣù kan, àti ní oṣù kẹfà. Nítorí náà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ọmọ tó wọ wọ́ọ̀dù. Kòkòrò tó ń fa àrùn yìí wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dúró ni abẹ́rẹ́ máa ń gún ní ìka jù. Kí bọ́kẹ́ẹ̀tì àti mátírẹ́ẹ̀sì dúró lẹ́yìn èyí.

Ẹ̀rọ ìfúnpá ló tẹ̀ lé e, èyí tí a ń fi ọwọ́ fún. Olówó pọ́ọ́kú pọ̀ lọ́jà, àwọn kan nínú rẹ̀ sì dára. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n rọrùn. Kí olùrà kọ́kọ́ wo abẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun: orí òdo ló gbọ́dọ̀ sùn sí. Bó bá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo òǹkà tó bá gbé jáde ló ti ṣì. Kó wá wé aṣọ rẹ̀ mọ́ ìgò, kó yí ìdè ẹnu róbà rẹ̀ pa, kó fún un títí abẹ́rẹ́ á fi dé 200, kó sì jáwọ́. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀. Bó bá ń yọ́ sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń jò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kó tú ìdè náà díẹ̀: abẹ́rẹ́ yẹ kó máa sọ̀ jẹ́jẹ́, bí ìwọ̀n méjì sí mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá ń fò, kó gbé e padà fún ọlọ́jà. Aláìsàn tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 160 tí ẹ̀rọ burúkú kà sí 130, ilé ni wọ́n máa ní kó lọ, láìsí oògùn.

Stethoscope kò le tó bẹ́ẹ̀. Littmann, tí wọ́n fi orúkọ oníṣègùn ọkàn kan, David Littmann, pè, ni gbogbo ọmọ ilé-ìwé ń fẹ́ kó kọ́ lọ́rùn àwọn nínú fọ́tò. Ó dára, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ayédèrú rẹ̀ kún ìgboro, ó sì rọrùn láti jí gbé ní wọ́ọ̀dù. Èyí tí kò lórúkọ tó bá gbé ìró ọkàn dé etí kedere ti tó fún ìfúnpá wíwọ̀n lọ́dún kìíní. Kí olùrà ki í bọ etí, kí ọ̀nà etí rẹ̀ kọjú síwájú, kó fi gbọ́ àyà ara rẹ̀ nínú ariwo ọjà. Bó bá gbọ́ ìlù ọkàn níbẹ̀, á gbọ́ ọ ní wọ́ọ̀dù. Aago àyà ńkọ́? Kò wọ́n, kò sì ṣeé fi fóònù rọ́pò. Ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá gbọ́dọ̀ wà lójú rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n fi ń ka bí iṣan ọrùn ọwọ́ aláìsàn ṣe ń lù láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìdí tí wọ́n fi ń fi há àyà ni pé kí ọrùn ọwọ́ nọ́ọ̀sì lè ṣófo fún fífọ̀.

Bàtà ni kí wọ́n má fi ṣahun. Ẹni tó bá dúró láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀ mọ ohun tí bàtà burúkú ń fojú ẹni rí. Kí iwájú rẹ̀ dí, torí ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ lè jábọ́ sí i, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má sì máa pariwo létí àwọn tó ń sùn. Yúnífọ́ọ̀mù kò gbọ́dọ̀ dín ní méjì, kí ọ̀kan lè wà lójú oòrùn nígbà tí èkejì bá wà lọ́rùn. Ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n bá rà ní ọjà Gbàgí n'Ìbàdàn, tí télọ̀ àdúgbò rán, kì í wọ́n tó èyí tí wọ́n rán tà, bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣáà ti bá ti ilé-ẹ̀kọ́ mu. Àwọn tó ń parí ẹ̀kọ́ náà máa ń ta tiwọn, àlòkù wọn kò ní àbùkù.

Ní ti ìwé, ìyàtọ̀ kan ló yẹ ká mọ̀. Ìwé tó sọ bí ara ṣe rí, bíi Ross àti Wilson tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀dà àtijọ́ rẹ̀ ṣì wúlò, nítorí kíndìnrín kò tíì kúrò níbi tó wà. Ìwé oògùn, bíi EMDEX, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n oògùn ń yí padà, wọ́n ń fi òfin de òmíràn. Tuntun ni kí wọ́n rà níbẹ̀, tàbí kí ọmọ mẹ́rin dáwó jọ ra ẹyọ kan.

Owó kan wà tí kò sí lórí lísìtì kankan, tó sì máa ń dá ọmọ dúró jù lọ: owó ìrìn àjò ìkọ́ṣẹ́. Wọ́n á gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ, irú ti Arò ní Abẹ́òkúta, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Wọ́n á tún gbé e lọ sí ìlú kékeré kan láti kọ́ ìlera ará ìlú. Owó ilé, oúnjẹ àti ọkọ̀, òun ló máa ń fà á. Ilé tó bá ná gbogbo owó rẹ̀ tán ní oṣù àkọ́kọ́ kò ní rí nǹkan kan fi gbé ọmọ lọ síbẹ̀. Kí wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí lọ́wọ́ alájọ, kí wọ́n má sì fọwọ́ kàn án. Owó ìdánwò ìjọba àti ti ìwé-àṣẹ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí òun ni gbogbo ọdún náà ń dúró dè.

Ibi tí owó ọ̀dọ́ ti ń ṣòfò jù lónìí ni ìmúrasílẹ̀ fún òkè òkun kí àsìkò tó tó. Kò sí ẹ̀bi nínú kí èèyàn fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì IELTS, tí NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fẹ́ 7 nínú rẹ̀ àti 6.5 nínú ìwé kíkọ, ọdún méjì péré ni èsì rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ní February 2024, Kánsù kéde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn ìwé-àṣẹ rẹ̀ gan-an kí òun tó jẹ́rìí sí i fún àjọ ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ̀hónú hàn l'Ábújá àti l'Ékòó, ṣùgbọ́n ìkéde náà ti jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ IELTS ní ọdún tó máa parí, èsì rẹ̀ á ti kú kó tó nílò rẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù náà ńkọ́? Ẹnìkan lè sọ pé ó ń wọ́n sí i, òótọ́ sì ni: ní September 2024, olójú-ewé 32 kúrò ní 35,000 náírà di 50,000, nígbà tó sì di September 2025, ó di 100,000. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ni ẹ̀mí rẹ̀. Èyí tí wọ́n gbà ní ọdún kìíní BNSc á ti parí kí ọmọ tó nílò rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni owó ejẹ́ńtì. Nàìjíríà wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè 55 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tò ní 2023 pé òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó, ìlànà ìjọba Bìrìtìkó kò sì gba ilé-iṣẹ́ kankan láyè láti wá ṣa nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì lè kọ̀wé síṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìlànà kan náà sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ gba owó ìwáṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì n'Ìbàdàn tó ń gba owó ìforúkọsílẹ̀ fún iṣẹ́ ní NHS, àwọn ọsibítù ìjọba Bìrìtìkó, ẹ sá fún un. Àbùjá ìdánwò kò sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2023, NMC ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé èsì tó jáde láti ilé ìdánwò kan n'Ìbàdàn kò ṣeé fọkàn tán, wọ́n sì ní kí àwọn tó kọ CBT, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà NMC, níbẹ̀ lọ tún un kọ. Àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù lọ́hùn-ún wà lára wọn, àti olóòótọ́ àti oníjìbìtì. Ìdánwò tó tẹ̀ lé e, OSCE, tí wọ́n ti ń dán iṣẹ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì wò, £794 ni, ọ̀pọ̀ ọsibítù ibẹ̀ ló sì ń bá ẹni tí wọ́n bá gbà san án. Kò sí ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ní láti máa tọ́jú owó rẹ̀ pa mọ́ láti ọdún kìíní.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn tó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ wa. Àwọn òbí tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ń ta ẹran, wọ́n ń yá owó lọ́wọ́ àna. Ẹ kọ iye kóòtà yín sójú fọ́ọ̀mù kí ẹ tó tà á, kí ẹ sì kọ gbogbo owó tí ọmọ máa san láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ ìdánwò ìjọba sí abẹ́ rẹ̀.